Ẹ̀jẹ̀ Kékeré Nínú Orí Ọkọ Mi

Ká ní ọkọ mi kọ oògùn ni, ǹ bá mọ bí màá ṣe bá a jà. Kò kọ̀ ọ́ o. Lóṣooṣù ló ń lọ sí kílíníìkì lọ́nà Ring Road, á fi ọwọ́ méjèèjì gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, á kí àwọn nọ́ọ̀sì kú iṣẹ́, á gbé e wálé wá sí Akobo, á sì lọ fi í pamọ́. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni wọ́n ti sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Tí ẹ bá kó gbogbo oògùn tó gbé mì láàárín ọdún mọ́kànlá yẹn jọ, mi ò rò pé ó máa kún ife kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mò ń pè é ní "ó." Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mo máa ń lò fún un, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Àmọ́ tí n bá ní kí n fi "wọ́n" sọ ìtàn yìí, ìbínú mi ò ní jáde dáadáa.

Ó ní òun ń ṣọ́ oògùn náà lò ni. Ó ní oògùn tí èèyàn bá ń lò lójoojúmọ́, ó máa ń mọ́ ara lára, tí àìsàn gidi bá wá dé, kò ní ràn án mọ́. "Orí ò fọ́ mi, òyì ò kọ́ mi, mò ń jẹun, mò ń sùn. Kí ni kí n wá gbé oògùn mì sí?" Mo ní, "Bàbá, adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀." Ó ní òun kì í ṣe adìyẹ. Ẹ bá mi wo irú èèyàn bẹ́ẹ̀.

Èyí tó wá ń dùn mí jù ni ọgbọ́n tó máa ń dá tí ọjọ́ kílíníìkì bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ló ti máa gbé méjì mì, á tún gbé méjì mì láàárọ̀. Kó tó dé Ring Road, ẹ̀jẹ̀ á ti rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Nọ́ọ̀sì á wọ̀n ọ́n, á ní, "Bàbá, ẹ kú ìgbìyànjú, oògùn yìí bá yín lára mu o." Wọ́n á tún kọ irú rẹ̀ kan náà fún un. Bó bá wọlé báyìí, kò ní tíì bọ́ bàtà tó ti máa bi mí pé, "Ṣé o gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì wí?" Bí ọmọ iléèwé tó jí ìwé wò ló rí lójú mi, àfi pé ara rẹ̀ ló ń tàn jẹ.

Iṣẹ́ páìpù omi ló ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì. Kò sí òpópónà tí a máa gbà ní Bódìjà tàbí Àgbowó tí kò ní na ìka sílẹ̀ pé páìpù òun wà lábẹ́ ibẹ̀. Bàtà rọ́bà tó fi ṣiṣẹ́ náà ṣì wà lábẹ́ ibùsùn wa. Lọ́jọ́ kan, mo ní kí n kúkú gbé e fún àwọn bíríkìlà tó ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo da ọ̀kan dorí kodò kí eruku inú rẹ̀ lè jáde. Oògùn ló dà sílẹ̀. Páálí lórí páálí, àwọn mìíràn ọjọ́ ti kọjá lórí wọn, àwọn mìíràn wọn ò tíì ṣí i rárá. Mo da ìkejì náà sílẹ̀, bákan náà ni. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín wọn, mo sì figbe ta débi pé aládùúgbò wa ọkùnrin kan sáré wọlé, ó rò pé ejò ni. Ọkọ mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ìwọ ni o ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú nǹkan." Ó ṣa gbogbo ẹ̀ sínú àpótí onírin rẹ̀, ó tì í, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

Ìbínú ọjọ́ yẹn ló tì mí dé ibi tí mo dé. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé mo fi ń gba ara mi sílẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tí à ń lọ, àwa obìnrin máa ń ṣe ìpàdé lọ́sàn-án ọjọ́ Túsìdeè. Lọ́jọ́ kan, ìyá kan tí ọkọ rẹ̀ ti ní rọpárọsẹ̀ rí dìde láti là wá lóye. Ó ní àsípírìn ni wọ́n fún ọkọ òun, èyí kékeré, ẹyọ kan láràárọ̀, pé kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ki. Ó ní tí òun bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, rọpárọsẹ̀ náà ò ní sún mọ́ ilé òun. Gbogbo wa ń mi orí. Kò sí dókítà láàárín wa, kò sì sí ẹni tó bèèrè pé irú rọpárọsẹ̀ wo. Bí a ṣe túká, mo yà sí kẹ́míìsì tó wà ní oríta wa, mo ra àsípírìn.

Láti ọjọ́ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdí ṣíbí lọ̀ ọ́. Mo dà á sínú ògì ọkọ mi, mo bu mílíìkì sí i, mo bu ṣúgà sí i. Ó mu ún, ó nu ẹnu, ó ní ògì náà dùn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ẹni tó ní òun ò ní lo oògùn, ó ti ń lò ó báyìí, kò tiẹ̀ mọ̀! Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò jẹ́ kí ọjọ́ kan fò. Mi ò sọ fún ọmọ kankan, mi ò sọ fún pásítọ̀. Tó bá ń fi orí kunkun rẹ̀ dá mi lóhùn, màá kàn máa rẹ́rìn-ín sínú.

Ó wá di àárọ̀ Sátidé kan. Bódìjà la fẹ́ lọ, láti lọ ra ẹ̀wà àti èlùbọ́. Ọkọ mi ló ṣáájú, mo kó àpò tẹ̀ lé e. Bó ṣe gbẹ́sẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà, sílípáàsì ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn, ó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́ lọ sídìí ọkọ̀.

Mo ní, "Bàbá, bàtà yín."

Ó ní, "Bàtà wo?"

Orí kunkun yìí náà ni mo pè é. Mo gbé sílípáàsì náà, mo jù ú síwájú rẹ̀, mo ní, "Àbí bàtà náà lẹ tún ń ṣọ́ lò ni?" Ó wo bàtà, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ lé e, ó yọ̀ kúrò. Ó tún gbé e lé e, ó tún yọ̀. Ó gbójú sókè láti dá mi lóhùn, mo sì rí i pé apá kan ẹnu rẹ̀ ò bá èkejì sọ̀rọ̀. Gbogbo èébú tó wà lẹ́nu mi gbẹ.

Ẹ ò ní gbà gbọ́ pé ó tún ń wọ ọkọ̀ lọ, òun ló máa wà á! Mo já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tí mi ò ṣe rí láti ìgbà tó ti fẹ́ mi. Aládùúgbò wa tó rò pé ejò ni níjọ́sí ló gbé wa lọ sí ọsibítù. A kó sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní Dùgbẹ̀, ibẹ̀ ni ọkọ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìka ọwọ́ òsì rẹ̀, ó ń nà án. "Ẹ wò ó, ó ti lọ. Ẹ jẹ́ ká yí padà, ẹ̀wà la fẹ́ lọ rà." Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń wọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ojú fèrèsé, ó ní páìpù òun wà lábẹ́ ibẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́, ǹ bá gbá a létí.

Dókítà tó gbà wá kò ju àbíkẹ́yìn wa lọ, obìnrin ni, ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí wa. Ẹ̀rọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ya àwòrán orí ọkọ mi. Ó gbé àwòrán náà síwájú wa, ó fi ìka tọ́ ibì kan tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ. "Ibí ni ẹ̀jẹ̀ ti jò láàárọ̀ yìí." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ àwọn mìíràn, tótòtó bí ẹ̀fọn ṣe ń ya sára ògiri. "Ìwọ̀nyí ti pẹ́. Ó ti jò níbí rí, ó jò níbí, ó jò níbí. Bàbá ò mọ̀, ẹ̀yin náà ò mọ̀. Àwọn iṣan tó tín-ín-rín inú ọpọlọ wọn ló ti le."

Ọkọ mi gbọ́ "le," ó bá gun àga dáadáa. "Dókítà, iṣẹ́ páìpù ni mo fi tọ́mọ. Páìpù tó bá le ló máa ń tọ́jọ́. Ṣebí ó yẹ ká dúpẹ́ ni?"

Mo fi ọwọ́ bojú. Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, rọ́bà tí wọ́n fi ń fọn omi sára òdòdó ńkọ́? Tí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ sínú oòrùn fún ọdún bíi mélòó kan?"

"Á gan," ọkọ mi dáhùn. "Á máa sán."

"Tí ẹ bá wá ṣí omi sí i tagbáratagbára?"

Ó mọ ìdáhùn ju ẹnikẹ́ni nínú wa lọ.

Dókítà ní, "Ibi tó bá fẹ́lẹ́ á wú bí ìléròrò, á máa jò. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti fi ọdún púpọ̀ ṣe sí orí yín nìyẹn. Èyí tó jò lónìí kéré. Tí agbára ẹ̀jẹ̀ yín ò bá rọlẹ̀, tí ẹ ò lo oògùn lójoojúmọ́, ọ̀kan máa bẹ́ tí kò ní kéré, bóyá a ò sì ní lè jókòó sọ̀rọ̀ báyìí mọ́. Ẹ ń lo oògùn yín, àbí?"

"Mò ń lò ó dáadáa," lọkọ mi wí, kò ṣẹ́jú.

Háà! Mo ní ẹ gbà mí láyè. Mo tú gbogbo ẹ̀ kalẹ̀: bàtà rọ́bà, àpótí, méjì ìrọ̀lẹ́ méjì àárọ̀. Mo rò ó débi pé mo dìde dúró. Ọkọ mi ń wò mí bí ẹní rí ọ̀dàlẹ̀, ara mi sì ń tù mí. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń wá ẹni tí màá rò ó fún.

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá ní, "Yàtọ̀ sí ìyẹn, ṣé wọ́n ń lo nǹkan mìíràn? Àgbo, oògùn ara ríro, àsípírìn?"

"Àsípírìn?" Ọkọ mi bínú. "Èmi? Mi ò fi kan ẹnu rí."

Òótọ́ ló sì ń sọ, lójú ara rẹ̀. Mo bèèrè bí ẹni tí kò kàn, mo ní, "Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń lò ó ńkọ́, dókítà?"

"Á léwu o, màmá. Rọpárọsẹ̀ pín sí oríṣi méjì. Ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ ló dì tó dí iṣan, àsípírìn lè wúlò níbẹ̀. Èkejì, iṣan ló ń jò, bíi ti bàbá yìí. Àsípírìn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, jíjò kékeré lè di ńlá."

Mo fẹ́ kí ẹ mọ èrò tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Mo rò ó pé kí n dákẹ́. Láti ọ̀la, n ò ní lọ̀ ọ́ mọ́, ta ló máa mọ̀? Àmọ́ ògì àárọ̀ ọjọ́ yẹn wà nínú ọkùnrin náà. Ó mu ún tán, ó fi ìka lá abọ́, kó tó wọ sílípáàsì. Ẹ̀jẹ̀ yẹn lè tún máa jò bí mo ṣe jókòó tì í, kí àwọn dókítà má sì mọ ohun tí wọ́n ń bá jà.

Mo ní, "Ó ń lò ó. Èmi ni mò ń fún un. Inú ògì ni."

Kálàmù dókítà dúró. Ó bi mí pé mélòó, ó bi mí pé láti ìgbà wo, mo dá a lóhùn. Ó yára pe nọ́ọ̀sì, ó ní kí wọ́n wá fa ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi fún àyẹ̀wò. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní kí n má fi gbogbo rẹ̀ di ẹrù lé ara mi lórí, pé ẹ̀jẹ̀ ríru gan-an ló ba àwọn iṣan náà jẹ́, pé òun ò lè sọ pé àsípírìn ló fà á. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn. Ọkọ mi rọra yí orí, ó wò mí. Mo ti mọ gbogbo ojú tí ọkùnrin yẹn ní, èyí tó fi ń jà, èyí tó fi ń parọ́, èyí tó fi ń tọrọ ẹran. Mi ò rí èyí rí.

Ọjọ́ mẹ́fà la lò níbẹ̀ kí wọ́n tó ní ká máa lọ. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kún ilé wa. Ọkọ mi ń sọ fún wọn pé, "Ikú tó fẹ́ pani, tó bá ṣí ni ní fìlà, ká máa dúpẹ́." Wọ́n ń ṣe àmín. Kò sọ ọ̀rọ̀ ògì fún ẹnì kankan, títí kan àwọn ọmọ wa. Èmi ló sọ ọ́, mo dìde ní ìpàdé obìnrin, mo sọ ohun tí mo ṣe àti ohun tí dókítà wí. Àwọn kan sunkún. Ìyá tó là wá lóye níjọ́sí ní òun ò dárúkọ ògì ní tòun o. Òótọ́ ló sọ. Inú tún bí mi sí i.

Ṣùgbọ́n ká padà sílé. Ọkọ mi ò mu ògì mi mọ́. Ọkùnrin tí kò mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú ilé ara rẹ̀, òun ló ń wọ kíṣìnnì láàárọ̀ lọ ṣe ògì, tó ń ṣe é ní kókó-kókó, tó sì ń mu ún bẹ́ẹ̀. Omi inú ọ̀rá nìkan ló ń mu, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi eyín ya á. Tí mo bá bu ọbẹ̀, á dúró kí n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ó ń fi ọ̀wọ̀ ṣe é o, á ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ ká jọ jẹ ẹ́." Láti ìgbà wo ni ọkọ mi ti ń pè mí ní "ẹ"! Mo ké mọ́ ọn lọ́jọ́ kan, mo ní kó kúkú bú mi, kó pe àwọn ẹbí mi, kó ṣe nǹkan kan. Ó ní, "Ohun tí mo bá fẹ́ gbé mì, mo fẹ́ máa mọ̀ ọ́n ni." Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó fẹ́ yí mi lórí. Ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀! Láràárọ̀, lẹ́yìn ògì oníkókó rẹ̀, á jókòó sídìí tábìlì, á yọ ẹyọ kan, á gbé e sókè kí n rí i, á gbé e mì. Ó ní kí n má bàa rí àwáwí tí màá fi tún ro nǹkan mọ́ oúnjẹ òun. Ọdún mọ́kànlá tí mo fi bẹ̀ ẹ́, tí mo fi kúnlẹ̀, tí mo fi pe pásítọ̀ sí i, kò gbọ́. Ìwà burúkú mi ló gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ ò padà sí bó ṣe wà, ọlọ́wọ́ òsì sì ni. Ó lè di nǹkan mú, àmọ́ agbára láti tẹ nǹkan ò sí níbẹ̀ mọ́, ó sì burú jù láàárọ̀. Oògùn tí wọ́n wá ń fún un báyìí, bébà dídán kan ni wọ́n fi dé e, èèyàn gbọ́dọ̀ fi àtàǹpàkò tì í kó tó bẹ́ jáde. Ó fi eyín ṣe é, ó fi ọ̀bẹ ṣe é, ó fi orí tábìlì tì í. Tí mo bá na ọwọ́, á gbé e sẹ́yìn. Dókítà ti kìlọ̀ pé ọjọ́ kan ò gbọdọ̀ fò, nítorí náà màá dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, màá fi aṣọ ìnuwọ́ lọ́ ọwọ́ mi pọ̀, màá máa wo àgbàlagbà tó ń bá bébà jìjàkadì.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, kò bẹ́ jáde. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀bẹ yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀. Òógùn yọ níwájú orí rẹ̀, ó ń mí fìn-ìn-fìn-ìn, mo sì ń rò ó pé ẹ̀jẹ̀ tí a ń wá oògùn sí yìí ló ń gùn sókè níṣojú mi. Mi ò sọ̀rọ̀. Ó nira fún mi ju ìrọbí lọ, àmọ́ mi ò sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà, láì wojú mi, ó na bébà náà sí mi.

Mo gbà á. Mo tẹ̀ ẹ́, oògùn bẹ́ jáde. Mo gbé e síwájú ojú rẹ̀ kó lè rí ohun tí a kọ sí i lára. Kò wò ó. Ó la ẹnu, ó jù ú sí i.

Mo ní, "Bàbá, ẹ ò wò ó."

Ó ní, "Ṣé o fẹ́ kó há mi lọ́fun ni? Omi dà?"

Mo lọ bu omi láti inú ìkòkò wa, kì í ṣe tinú ọ̀rá. Mo kọ́kọ́ dúró sunkún ní kíṣìnnì ná, inú rẹ̀ ń bí mi gidigidi, ó sì ń ké láti pálọ̀ pé ṣé Bódìjà ni mo lọ pọn ọ́n ni.